Láptọ́ọ̀pù Tí Mo Bá Aláwòrán Yàn

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹbí wa ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ni n kò tún ohun kan tó ń jẹ́ kọ̀ǹpútà ṣe rí láyé mi. Ẹ̀rọ fọtokọ́pì ni mo mọ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbé àpótí irinṣẹ́ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, mò ń yọ ìwé tó há sínú ẹ̀rọ, mò ń da yíǹkì sí i, mò ń pààrọ̀ rọ́bà tó ti jẹ. Iṣẹ́ gidi ni, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ rọ́ mi sẹ́yìn nídìí rẹ̀.

Bí mo ṣe di Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà nìyí. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé búrẹ́dì tí àbúrò mi obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣàdédé kọ̀, kò tàn mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé wáyà rẹ̀ ló yọ kúrò lára ògiri, lẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Ẹlòmíràn ì bá rẹ́rìn-ín, kó ki wáyà náà padà, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi ní kí gbogbo wọn jáde kúrò nínú yàrá. Mo jókòó bí ìdajì wákàtí, mo mu tíì tí wọ́n gbé fún mi tán, mo wá rọra ki wáyà bọ ògiri. Bí wọ́n ti wọlé tí wọ́n rí i tó ń tàn, àbúrò mi kúnlẹ̀ kí mi níwájú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n fún mi lórúkọ lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ́ ẹ. Ta ni wọ́n máa fi joyè tí yóò ní òun ò jẹ?

Ọmọ ìyá mi ni àbúrò mi yìí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí. Aláwòrán là ń pe ọmọ náà, torí pé láti kékeré, ibi tó bá ti rí ògiri, ilé ló ń yà sí i: ilé alájà mẹ́ta, ilé tó ní fèrèsé lórí òrùlé, ilé tí àtẹ̀gùn rẹ̀ gba ìta wọlé. Ìyá rẹ̀ nà án títí ó fi sú u. Àfi bí yunifásítì ṣe kọ̀wé pé àwọn gbà á láti wá kọ́ ìmọ̀ yíya àwòrán ilé. Ìyá tó ń na ọmọ nítorí ògiri wá ń fi ògiri náà han àlejò.

Yunifásítì fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní láptọ́ọ̀pù tirẹ̀, wọ́n sì to ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú láptọ́ọ̀pù náà lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí kò bá yege nínú iṣẹ́ àwòrán ọdún kìíní, ẹ̀ka náà kò ní jẹ́ kó tẹ̀ síwájú. Ọwọ́ méjèèjì ni àbúrò mi fi gbé ìwé náà fún mi.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi tu owó yìí jọ. Kì í ṣe ohun tí mo lè ṣe lẹ́ẹ̀mejì o."

"Fọkàn balẹ̀," mo ní. "Ohun tí mò ń fojoojúmọ́ rí."

Mo ka ìwé náà nílé, mo tún un kà. Ó ní ráàmù, mẹ́rìndínlógún. Ó ní káàdì àwòrán, kó sì dá dúró lọ́tọ̀. Àwọn nọ́ńbà kan tún wà nísàlẹ̀ tó dà bíi nọ́ńbà mọ́tò. Ẹ jẹ́ n là á mọ́lẹ̀: kò yé mi rárá. Mo sì mọ ẹni tí mo lè bi. Ọmọ ọ̀gá mi àtijọ́ wà ládùúgbò, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Mo ro ó wò pé kí n lọ jókòó níwájú ọmọ àná, èmi Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, kó máa kọ́ mi ní a, b, d. Ojú tì mí nínú yàrá èmi nìkan. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi í sápò àyà.

Àjà kejì ilé kan ni ṣọ́ọ̀bù tí èmi àti Aláwòrán lọ wà, lókè àwọn tó ń ta bàtà. Obìnrin kan ló ni ín, kò lè tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ìyá àgbà. Ó fún wa ní àga.

"Kí ni ọmọ yín fẹ́ lọ kà?" ó bi mí.

Aláwòrán ló dáhùn. "Yíya àwòrán ilé ni, mà."

"Áà, tiyín gba agbára o," obìnrin náà ní. Ó lọ sẹ́yìn, ó gbé láptọ́ọ̀pù dúdú kan wá. Ó nípọn, ó wúwo, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ha. Àlòkù ni. "Ẹ má wo ojú ẹ̀, sà. Inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Gbogbo nǹkan tí iléèwé wọn máa ń bèèrè ló wà níbẹ̀."

Mo yí i dojú dé. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ìdí la fi ń mọ ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀tì kan ti sọnù ní igun rẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń tún fọtokọ́pì ṣe, yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá sọnù, ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ti wọ inú rẹ̀, kí olúwarẹ̀ yáa sá fún un. Mo fi ìka hàn án.

"Èmi ni mo ṣí i, sà," ó ní. "Mo fi ráàmù kún un ni. Nọ́ọ̀tì yẹn bọ́ sábẹ́ tábìlì, mi ò rí i mọ́."

"Gbogbo yín náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Mo wá rí òmíràn nínú gíláàsì. Tuntun ni, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń dán bíi fàdákà, iná sì ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. Mo ní kí ó gbé e wá. Obìnrin náà gbé e wá, ṣùgbọ́n ó ní ti ẹni tó bá fẹ́ máa kọ lẹ́tà, tó fẹ́ máa wo fíìmù nìyẹn, kì í ṣe ti àwòrán ilé. Mo yí òun náà dojú dé. Ìdí rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nọ́ọ̀tì kankan kò sọnù níbẹ̀, àní kò sí nọ́ọ̀tì kankan níbẹ̀ rárá. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀rọ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn nìyí. Èmi tí mo ti ṣí ẹ̀rọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò wá sí mi lọ́kàn kí n bi ara mi pé, ohun tí kò ní nọ́ọ̀tì, ibo lèèyàn yóò gbà ṣí i?

Aláwòrán fa apá ẹ̀wù mi. "Bọ̀dá, ìwé iléèwé ní káàdì àwòrán gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀."

"Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, màá fi sí i. Ṣebí ẹ̀yà ẹ̀yà ni wọ́n fi ń to ẹ̀rọ?"

"Èyí ò ṣeé fi nǹkan sí, Bàbá," obìnrin náà ní jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti jó gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti ilé iṣẹ́."

Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń mú arúgbó sọdá títì. Ká ní ó jágbe mọ́ mi ni, bóyá ǹ bá gbọ́.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, dúdú yẹn..."

"Ṣé ìwọ lo ń tún ẹ̀rọ ṣe ni àbí èmi?" Mo pariwo débi pé ọkùnrin kan tó wá ra ṣájà yíjú padà. "Ọmọ tí kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì ti ń kọ́ mi níṣẹ́! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ wa ò ní gbé àlòkù lọ sáàárín ẹgbẹ́ ẹ̀."

Wẹ́rẹ́ ni Aláwòrán kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ má bínú, sà," ó ní. Mo san owó èyí tó ń dán, òun ló gbé e délé. Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́, ọwọ́ àgbà náà ló sì tẹ orí ọmọ wọ́.

Àbúrò mi jó nígbà tó rí láptọ́ọ̀pù náà. Ó pe ará ilé ìsàlẹ̀ wá wo iná abẹ́ bọ́tìnnì. Ó súre fún mi pé ọwọ́ mi kò ní gbẹ, n kò ní pàdánù, àwọn ọmọ mi yóò rí ẹni ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ń ṣe àmín bí ẹni pé mo ṣiṣẹ́ fún un.

Oṣù kejì tí ọmọ dé iléèwé ló pè mí. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀dá. Ohun tí wọ́n fi ń ya ilé níbí kì í fẹ́ ṣí lórí láptọ́ọ̀pù yẹn. Tó bá sì ṣí, ó máa ń dákú lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní ẹ máa bá mi fi nǹkan tó kù sí i, ni mo ṣe ní kí n rán yín létí."

"Mú un bọ̀ nígbà ìsinmi," mo ní. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí ìsinmi. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún un lọ́jọ́ náà, kó tètè mọ ohun tí yóò ṣe.

Ó mú un wá. Mo gbé e wọ yàrá iṣẹ́ mi, mo ti ilẹ̀kùn. Mo to sukudiráfà mi kalẹ̀, ńlá àti kékeré, mo wá ń wo ìdí tó mọ́ yẹn. Nígbà tó yá, mo fi ẹnu ọ̀bẹ wá ojú ibi tí ó ti lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Nǹkan dún kẹ́, igun rẹ̀ kan sì sán. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo fi aṣọ wé e, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lókè àwọn tó ń ta bàtà.

Obìnrin náà dá mi mọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní àga àti omi, ó gbé láptọ́ọ̀pù náà sábẹ́ iná, ó mi orí. "Kò ṣeé ṣe, Bàbá. Kò sí ẹni tó lè bá yín ṣe é."

"Dúdú ọjọ́sí yẹn ńkọ́?"

"Ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ lọ ni wọ́n rà á. Ọmọ tó fẹ́ kọ́ nǹkan kan náà ni." Ó fi gúlúù lẹ igun tó sán, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́, mo tún fi aṣọ wé e.

Kí ni mo wá sọ nígbà tí mo délé? Mo ní, "Mo ti fi sí i. Yóò gbé e báyìí."

Mo purọ́ fún ọmọ tó ń fi ayé rẹ̀ tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ó ṣí láptọ́ọ̀pù náà lórí itan, ó tẹ ibì kan, nọ́ńbà ohun tó wà nínú rẹ̀ yọ lójú ẹ̀rọ. Ó kà á. Ó fi ìka kan igun tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀. Ó gbójú sókè.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá," ó ní. "Ẹ kú wàhálà mi." Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Mo rí i, mo sì gba ọpẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi pè mí wá sílé rẹ̀, lẹ́yìn tí èsì ìdánwò ọdún náà jáde. Ọmọ wà lórí eékún láàárín pálọ̀. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, kò tíì ṣí fìlà iṣẹ́ lórí, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ti lẹ́tà yunifásítì sí mi lọ́wọ́. Aláwòrán kò yege nínú iṣẹ́ àwòrán. Wọ́n gbà kó tún ọdún náà ṣe bí ó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó ní ẹ̀rọ tó yẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi ẹ̀ka náà sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ tó yẹ!" àbúrò mi ní. "Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Ẹ̀rọ tí Bọ̀dá mi fúnra wọn yàn! Ó kàn lọ ń fi wo fíìmù ni. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, á bá mi wọ ilé búrẹ́dì, á máa po ìyẹ̀fun. Ìwọ, kí lo fi ẹ̀rọ náà ṣe?"

"Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkan kan, Mọ́mì," Aláwòrán ní. "Èmi ni mi ò ṣe dáadáa."

Ó ń bò mí láṣìírí. Lórí eékún, níwájú ìyá rẹ̀, ọmọ tí mo ba tirẹ̀ jẹ́ ń bò mí láṣìírí.

"Ẹ bá a wí, Bọ̀dá mi," àbúrò mi ní. "Tiyín ló máa gbọ́."

Mo fẹ́ sọ òótọ́. Mo wúkọ́, mo la ẹnu, ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé, "Ìwé kíkà gba sùúrù, ọmọ mi." Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Aláwòrán ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bẹ́ẹ̀ ni sà yẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó mọ́.

"Àbúrò mi," mo ní, "ọmọ yìí ò jẹ̀bi. Èmi ni. Láptọ́ọ̀pù tí mo rà ò lè ya àwòrán ilé. Wọ́n sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò gbọ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà."

Ẹ̀rín ni àbúrò mi bú sí. Ó rín in títí ó fi di àga mú.

"O rí i?" ó ní fún ọmọ rẹ̀. "O rí ẹni tó fẹ́ràn ẹ? Wọ́n fẹ́ sọ ara wọn di òpè nítorí tìẹ! Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà ò mọ kọ̀ǹpútà! Ẹ má bò ó mọ́, Bọ̀dá mi. Àánú yín ti pọ̀ jù."

Mo tún un sọ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀tì, mo ṣàlàyé ọ̀bẹ. Bí mo ṣe ń jẹ́wọ́ ni ó ń yìn mí, bí ó sì ṣe ń yìn mí ni ọwọ́ rẹ̀ ń le sí ọmọ. Mo rí i pé bí mo bá fi ẹnu lásán sọ ọ́ dọ̀la, ilé búrẹ́dì ni ọmọ yìí ń lọ. Mo bọ́ fìlà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Aláwòrán.

"Yéè!" Àbúrò mi figbe ta. "Bọ̀dá, ẹ dìde! Ṣé ẹ fẹ́ gégùn-ún fún ọmọ mi ni?"

Aláwòrán ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà dọ̀bálẹ̀ fún un, òun náà sì dojú bolẹ̀ kó lè wà nísàlẹ̀ jù mí lọ. A wá wà nílẹ̀ àwa méjèèjì bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga. Ẹni tó bá wọlé nígbà náà ì bá rẹ́rìn-ín. "Mi ò ní dìde," mo ní fún àbúrò mi, "títí o ó fi gbà mí gbọ́."

Àbúrò mi jókòó. Ó ṣí fìlà iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ló bi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Aláwòrán ṣì wà nílẹ̀. "Mo sọ fún wọn nínú ṣọ́ọ̀bù, Mọ́mì," ó ní. "Wọ́n ní kí n dákẹ́." Ẹkún ló wá gbọ̀n ọ́n, ẹkún ọdún kan gbáko.

Àbúrò mi kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ó ní, "Ẹ dìde, Bọ̀dá. Ilẹ̀ tutù." Bọ̀dá lásán. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, Bọ̀dá mi ló ń pè mí.

Ó gbà kí ọmọ tún ọdún náà ṣe. Mo kó owó tí mo ní lọ́wọ́ lọ fún un lọ́sẹ̀ náà, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó síwájú ilé mi nígbà tí ìyá àti ọmọ ń kọjá. Wọ́n wọ aṣọ àwọ̀jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe, kò dín, kò lé.

"Níbo lẹ forí lé?" mo bi wọ́n.

Àbúrò mi wo ọ̀nà. "Aláìsàn kan la fẹ́ lọ kí, Bọ̀dá. A ò ní pẹ́ dé."

Àpò láptọ́ọ̀pù wà léjìká Aláwòrán, ó ṣófo, ó rọ̀ pẹlẹbẹ mọ́ ọn lára. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Àbúrò mi kò purọ́ fún mi rí láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Kí ojú má baà tì mí ló ṣe purọ́ yìí, ojú sì tì mí ju ti ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ lọ.

"Ẹ bá mi kí i o," mo ní. "Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà."

"Àmín, Bọ̀dá," àwọn méjèèjì dáhùn, wọ́n sì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ.